Ìgbìmọ̀ Tí Kò Ní Àṣẹ

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò dún bí ọ̀rọ̀ ńlá létí. Ọ̀rọ̀ páálí ni, ọ̀rọ̀ ìgò, agolo, ike àti ọ̀rá tí a fi ń di ọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀, nítorí ìbéèrè àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí yóò san owó ni yóò ṣe ètò, ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù?

Ní ayé àwọn baba wa, ewé ni a fi ń di ẹ̀kọ. Bí a bá jù ú sí ààtàn, kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi í jẹ ẹ́. Ohun ìdì-ọjà ti òde òní kì í tètè rà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ti gba èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rà á ti lo ohun inú rẹ̀ tán. Ìlú ni ó kù tí yóò kó èyí tí a jù nù. Nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè kan fi pinnu pé ẹni tí ó di ọjà rẹ̀ fún títà gbọ́dọ̀ fi owó sí kíkó ohun ìdì náà jọ àti títún un lò. Jámánì ṣe òfin irú èyí ní ọdún 1991. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maine ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún ohun ìdì-ọjà, ní ọdún 2021. Oregon tẹ̀lé e ní ọdún kan náà, Colorado àti California ní 2022, Minnesota ní 2024, Maryland àti Washington ní 2025.

Ẹ jẹ́ kí a fi Oregon ṣe àpẹẹrẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ṣáínà ni a ń kó púpọ̀ nínú ike àti ìwé àlòkù ibẹ̀ lọ. Ní ọdún 2018, Ṣáínà ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn ohun tí àwọn ará ìlú ti fi sùúrù ṣà jọ kò sì rí ibi lọ. A sin òmíràn sí ààtàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà pe àwọn tí ọ̀ràn kàn jọ, wọ́n jíròrò, láti inú ìjíròrò náà sì ni òfin ọdún 2021 ti jáde.

Òfin náà sọ pé kí àwọn tí ń ṣe ọjà darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ náà ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí irú àti ìwọ̀n ohun ìdì tí ó lò, òun náà ni yóò sì kọ ìwé ètò iṣẹ́. Ẹ kíyèsí i: àpò owó àti kálámù wà ní ọwọ́ kan náà. Àwọn baba wa sì wí pé, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Nítorí èyí ni òfin náà fi yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kan, ènìyàn 17, tí Gómìnà fi joyè. A mú wọn láti inú àwọn ìjọba ìlú, àwọn akólẹ̀, àwọn tí ń ṣa ohun àlòkù ní ilé-iṣẹ́, àwọn tí ń ṣe ohun ìdì, àwọn tí ń gbèjà ilẹ̀ àti omi, àti àwọn ẹgbẹ́ ará àdúgbò.

Ìgbìmọ̀ yìí kò dàbí Ọ̀yọ́ Mèsì ayé àtijọ́ tí ó lè kọ Aláàfin. Ẹnu nìkan ni ó ní. Yóò ka ìwé ètò, yóò béèrè, yóò sì gba ẹgbẹ́ náà àti ọ́fíìsì ìjọba nímọ̀ràn. Ọ́fíìsì ìjọba ni yóò fi ọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Kí wá ni èrè rẹ̀?

Èkíní, ó ń mú ìmọ̀ tí ó fọ́nká wá sí ojú kan. Ẹni tí ń ṣe ọ̀rá mọ ìdí tí ó fi ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tí ń ṣa á mọ̀ pé ọ̀rá náà a máa lọ́ mọ́ ẹ̀rọ títí ẹ̀rọ yóò fi dúró. Ará ìlú tí ó jìnnà mọ̀ pé owó ìkẹ́rù lè ju iye ẹrù lọ; òfin Oregon sì pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ náà ran irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lórí owó ìkẹ́rù.

Èkejì, kì í jẹ́ kí a fi ìkánjú ṣe é. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Circular Action Alliance kọ́kọ́ gbé ìwé ètò rẹ̀ wá sí Oregon. A yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba sì dá a padà fún àtúnṣe. Oṣù kejì ọdún 2025 ni a tó fi ọwọ́ sí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà.

Ẹ̀kẹta, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Ohun tí a lè fi pamọ́ ní yàrá ṣòro láti sọ níwájú ẹni tí yóò rù ú.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ yìn ín kọjá bí ó ti yẹ. California náà ní ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2025, Gómìnà ibẹ̀ ní kí a tún àwọn ìlànà òfin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìnáwó tí yóò bá àwọn oníṣòwò kékeré àti àwọn ìdílé. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí ń tajà fún alátùntà pe Oregon lẹ́jọ́. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé ìjọba fi agbára rẹ̀ lé ẹgbẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn kì í parí ìjà. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí a mọ ohun tí a ń jà lé lórí, kí ẹni tí kò lágbára sì ti sọ tirẹ̀ kí a tó dájọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 2018 fún kíkó ike wọn jọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó fi òfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú wa, tí a sì pe ìgbìmọ̀ jọ, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àga tí ó wà níbẹ̀ dáadáa. Ǹjẹ́ ìyá olóúnjẹ wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ọmọ tí ń ṣa ike ní ààtàn ní ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un? Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ojúṣe wa ni láti béèrè pé, èéṣe?