Ẹni tí yóò di ọta ìbọn nílé

Iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ọdẹ kan tí kò mọ iyì ọta. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ àti àwọn tí ń fi ìbọn ta àmì fún ìdárayá ni kì í sọ kòròfo ọta nù lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín tán. Wọn a kó o lọ sílé, wọn a sì tún un dì. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń dì í fún ìlò ara rẹ̀, bí kò bá ti tà á. Ní gbangba ni wọ́n ń ta irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́jà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rọrùn nígbà náà kí ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún rò pé ẹ̀bùn rere ni yóò jẹ́ fún bàbá rẹ̀ tí ń ṣọdẹ nílé. Kí ni ó wá yẹ kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ní? Ìdáhùn wa kò gùn: àṣẹ ni àkọ́kọ́, ìwé ni ìkejì, òṣùwọ̀n ni ìkẹta; ẹ̀rọ ni ó gbẹ̀yìn.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣẹ. Àwọn àgbà bèèrè pé, ìbọn tí kò ní àpatì, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Bákan náà ni ó rí lójú aṣọ́bodè: ohun èlò ọta kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò fi ojú eré wò ó. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, ti ọdún 1959, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ọta tàbí láti tò ó pọ̀, àfi ní ilé ìkó-ohun-ìjà ti ìjọba. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi ọwọ́ sí ní Abuja ní June 14, 2006, kò dá ìbọn nìkan dúró. Ó ka ọta àti ohun èlò rẹ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́, Nìjẹ̀r ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní January 29, 2025, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ṣe òfin kò kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí Agadez kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Ní September 25, 2000, wọ́n dáná sun ìbọn tí ó ju 1,000 lọ níbẹ̀, láti fi òpin sí ogun tí ó ti pa àwọn ará àríwá lára. Ìlú tí ó ti rí irú èyí kò ní fi ọta sílẹ̀ láìbojútó.

Bí àṣẹ bá wà, kí ni ìwé àti òṣùwọ̀n wà fún? Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ọta ìgbàlódé: kòròfo idẹ, ìtaná kékeré tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ẹ̀tù, àti ọta gan-an tí ń fò lọ. Ẹni tí ó ti ń lo ṣakabùlà mọ ẹ̀tù dúdú, ojú àti ọwọ́ ni ó sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1884, Paul Vieille ní ilẹ̀ Faransé ṣe ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú ọta ráífù lónìí. Ẹni tí ó bá bu ẹ̀tù yìí bí ó ti ń bu ti àtijọ́, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ni ó sì wà nínú pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ìwé tuntun tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù tàbí ọta tẹ̀ jáde, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tí ó kéré jù nínú rẹ̀. Kí ó ra òṣùwọ̀n tí ó péye, pẹ̀lú irin tí a fi ń dán an wò. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀rọ, kí ó mú èyí tí ń tẹ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, nítorí èyí tí ń yára máa ń fi àṣìṣe pamọ́. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì. Kí iná, sìgá àti ọmọdé jìnnà sí i.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọmọ tí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kò ní fi ẹrù ránṣẹ́ kí ó tó bèèrè òfin. Kí bàbá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ọta tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ó máa lò. Ẹran ìgbẹ́ yóò wà níbẹ̀ lọ́la. Ojú àti ọwọ́ ọdẹ kò ní ààrọ̀.