Egungun Kẹ̀kẹ́ Tó Sán

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo bá wá lónìí, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ní Kútọnu, níbi tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo rí i pé irin abẹ́ ìjókòó ti sán. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi wáyà dì í, kí n tètè kọjá afárá." Mo ní, "Ọmọ mi, wáyà kò lè gbé ọ kọjá afárá. Bí irin yìí bá dá láàárín àwọn zémidjan, ta ni yóò gbé ìwọ alára?" Ó dákẹ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Kí ló ń mú kí irin sán? Kì í ṣe ẹrù ọjọ́ kan. Ẹrù wúwo lójú ọ̀nà gbágungbàgun, lójoojúmọ́, ló ń rẹ irin díẹ̀díẹ̀. Kútọnu tún wà láàárín òkun àti ọ̀sà Nokoué. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń mú kí irin tètè dípẹtà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́: ibi tí ọ̀dà bá ti bó ni ìpẹtà ń gbà wọlé.

Báwo la ṣe ń mọ̀?

1. Ẹ fọ kẹ̀kẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wo ibi tí irin ti pàdé irin: ọrùn, abẹ́ ìjókòó, àti ibi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń yí.

2. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Bí ìlà náà bá bá ọ̀dà lọ, ọ̀dà ló sán. Bí ó bá ṣì wà, irin ló sán.

3. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi kẹrosíìnì pa á. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ẹfun lẹ́búlẹ́bú pa ibẹ̀. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ yóò jáde, yóò fa ìlà sára ẹfun. Ẹ má ṣe èyí nítòsí iná.

Bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀kì iwájú tàbí irin ọrùn ló sán, ẹ má jó o; ẹ ra òmíràn. Bí ó bá dá, ojú ni ẹ ó fi lulẹ̀. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ títí tó fi lu, ẹ jù ú nù.

Bí ó bá ṣe é tún ṣe, ẹ gbé e lọ bá alájórin tó mọ kẹ̀kẹ́. Kí ó lu ihò kékeré sí ìdí méjèèjì ibi tó sán, kí ó má baà gùn sí i. Kí ó ha ọ̀dà àti epo kúrò títí irin yóò fi dán. Bí ó bá ní idẹ, idẹ ni kí ó fi jó o. Idẹ ń yọ́ ní nǹkan bí 900 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Irin kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 1,500. Nítorí náà, iná kò ní tètè jẹ irin náà. Ẹ má da omi lé e. Omi lè mú kí irin gbígbóná di èyí tó ń tètè ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ tó kùn ún.

Ẹ kọ́kọ́ gùn ún láìgbé ẹrù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ibẹ̀ wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi orí ru búrẹ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí ó tó tà á tán, ṣùgbọ́n ó délé. Ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ yín kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.