Lébírà Yín Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Lónìí, ọ̀rọ̀ ilé tí à ń kọ́ sí Nàìjíríà láti London níbí ni mo fẹ́ sọ. Kí ló dé tí iṣẹ́ ọ̀hún kì í yá?

Èsì tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé ọ̀lẹ ni àwọn lébírà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dé láti iṣẹ́ òru, mo pe bíríkìlà mi n'Íbàdàn lórí fídíò. Lébírà mẹ́ta ló jókòó sábẹ́ igi láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo jágbe mọ́ wọn. Bíríkìlà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Yanrìn là ń retí. Owó tí ẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́ lánàá ò tíì dé." Ẹnu mi wọhò. Èmi ni mo gbàgbé! Owó ojúmọ́ èèyàn mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀, bulọ́ọ̀kù kan ò gorí èkejì.

Ẹ wá wo ara òṣìṣẹ́ náà. Níbí, àpò sìmẹ́ǹtì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 25kg. Nílé, 50kg ni. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, wọ́n kọ́ wa pé ká má dá gbé aláìsàn, ẹ̀rọ wà tí à ń lò. Àmọ́ lébírà á ru 50kg láti àárọ̀ nínú oòrùn, omi tútù lè má sí níbẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ẹni tó ti rẹ̀ á wọn nǹkan ṣì, ògiri á wọ́, wọ́n á wó o, wọ́n á tún un mọ. Owó ìlọ́po méjì nìyẹn. Ṣé ọ̀lẹ ni? Àárẹ̀ ni.

Ibi kan wà tí a ò gbọdọ̀ kánjú ṣá o. Kọnkéré fẹ́ ká máa bomi rin ín, kó lè le dáadáa. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sábà fi ń wọn agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tètè yọ igi abẹ́ dẹ́kìn kí iṣẹ́ lè yá, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣeré.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣáájú òṣìṣẹ́ dé sáìtì. Ẹ ra bárò fún wọn, ẹ ra omi, ẹ san owó wọn lásìkò. Tí ẹ bá sì rí wọn níjòókòó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń retí. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni.

Mo ti bẹ bíríkìlà mi. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ìrírí yín sísàlẹ̀. Ó dàbọ̀ o.