Iṣẹ́ Tí A Rán Ẹ̀rọ: Bí Fáìlì Ṣe Ń Ti Inú Kọ̀ǹpútà Kan Dé Inú Òmíràn



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ inú òwe yìí kò fara sin. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni gbé ẹrù igi. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi rán an bá le jù, yóò rọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Bí ẹni tí ó rán an bá gbàgbé nǹkan kan, yóò fi kún un. Bí ó bá sì ṣèèṣì dé ilé tí kì í ṣe ibi tí a rán an sí, ojú rẹ̀ yóò sọ fún un, yóò sì padà.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà láyé òde òní tí kò mọ bí a ti í fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́. Ìránṣẹ́ ọ̀hún ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn kan fún ní orúkọ ayára-bí-àṣá. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó rán an. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí fáìlì kan ti inú kọ̀ǹpútà kan dé inú òmíràn láìlábùkù, gbogbo ohun tí ìránṣẹ́ ènìyàn ì bá fi ọgbọ́n orí ṣe lójú ọ̀nà ni a gbọ́dọ̀ ti fi àdéhùn parí kí iṣẹ́ tó gbéra. Orí kókó yìí ni àlàyé òní dá lé.

Ìtàn jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Los Angeles gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà wọn sí èyí tí ó wà ní Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Stanford, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ń pè ní ARPANET ni wọ́n ti ṣe é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ètò ìsopọ̀ tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ ni "login", tí í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lẹ́tà méjì péré, "l" àti "o", ni ó dé kí ẹ̀rọ tí ó wà lọ́hùn-ún tó dákú. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a rán ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò dé tán.

Ìṣòro tí ó tẹ̀lé e ju ti ẹ̀rọ tí ó dákú lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ARPANET kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà wọn kò bá ara mu. Nínú ìlànà tí a ń pè ní ASCII, 65 ni ó dúró fún "A". Nínú EBCDIC, tí àwọn ẹ̀rọ ńlá ilé-iṣẹ́ IBM ń lò, 193 ni. Bí ẹ̀rọ kan bá kàn kó nọ́ńbà rẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́, ohun tí èkejì yóò kà kò ní jọ ohun tí a kọ. Abhay Bhushan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó wà ní MIT nígbà náà, ni ó kọ àdéhùn tí a fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1971 ni ó gbé e jáde. Orúkọ rẹ̀ ni File Transfer Protocol, tí a gé kúrú sí FTP. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, Jon Postel àti Joyce Reynolds tún un kọ, ohun tí wọ́n kọ yẹn sì ni ìpìlẹ̀ FTP títí di òní.

Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ti í wọ ilé onílé kò ní rí FTP bí ohun àjèjì. Ẹ̀rọ méjì ni ó wà níbẹ̀: ẹ̀rọ olùgbàlejò, tí ń tọ́jú fáìlì, àti ẹ̀rọ àlejò, tí ó wá gba fáìlì tàbí tí ó wá fi òmíràn pamọ́. Àlejò ní láti mọ àdírẹ́sì ilé náà àti ẹnu-ọ̀nà tí yóò kàn. Nọ́ńbà ni a fi ń mọ ẹnu-ọ̀nà lára kọ̀ǹpútà. Ti FTP ni 21. Bí àlejò bá ti ké àgò, olùgbàlejò yóò fi nọ́ńbà 220 dáhùn, bí ìgbà tí onílé bá ní "àgò yà". Àlejò yóò sọ orúkọ rẹ̀. Olùgbàlejò yóò fèsì 331, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti gbọ́ orúkọ, ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí ọ̀rọ̀ àṣírí bá tọ̀nà, 230 ni ìdáhùn, àlejò ti wọlé. Bí kò bá tọ̀nà, 530 ni yóò gbọ́, ìta ni yóò sì wà. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí ó bá wá: RETR bí ó bá fẹ́ gba fáìlì, STOR bí ó bá fẹ́ fi pamọ́. 226 ni àmì pé ẹrù ti kọjá tán. QUIT ni àlejò fi ń dágbére.

Ohun tí ó máa ń da àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣètò FTP láàmú ni pé ọ̀nà méjì ni ó ń lò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń gba ẹnu-ọ̀nà 21, ṣùgbọ́n ẹrù gan-an ń gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìlànà àtètèkọ́ṣe, olùgbàlejò ni í ti ẹnu-ọ̀nà 20 jáde, tí yóò wá kan ilẹ̀kùn àlejò láti gbé ẹrù fún un. Láyé òde òní, odi ààbò yí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ká, odi náà kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí a kò retí ti ìta wọlé. Èyí ni ó fi ń ṣẹlẹ̀ pé àlejò wọlé, ó sọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn, síbẹ̀ kò rí ẹrù gbà. Àṣẹ PASV ni a fi ń tún un ṣe: àlejò yóò ní kí olùgbàlejò ṣí ẹnu-ọ̀nà kejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, kí òun fúnra òun wá gbé ẹrù níbẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ olùgbàlejò gbọ́dọ̀ rí i pé odi tirẹ̀ gba èyí láàyè.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn ṣí kò sọ pé iṣẹ́ ti dé. Ohun mẹ́ta ni ó tún yẹ kí á ṣe àdéhùn lé lórí.

Èkíní ni ọ̀nà ìkọ̀wé. FTP ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kíkọ ni fáìlì jẹ́, tàbí kí a gbé e bí ó ṣe wà. Bí a kò bá sọ ohunkóhun, àdéhùn ọdún 1985 ní kí ẹ̀rọ kà á sí ọ̀rọ̀ kíkọ. Bí ó bá ti kà á bẹ́ẹ̀, yóò máa pààrọ̀ àmì ìparí ìlà, nítorí pé nọ́ńbà kan, 10, ni Unix fi ń parí ìlà, nígbà tí Windows ń lo méjì, 13 àti 10. Níbi yìí ni ẹ̀rọ ti ń gbìyànjú láti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń ba nǹkan jẹ́. Nọ́ńbà 10 lè wà nínú fáìlì àwòrán láìjẹ́ ìparí ìlà kankan. Ẹ̀rọ yóò ti 13 bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán kò sì ní ṣí mọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kí ó gbé àwòrán, ohùn àti ìwé tí a ti fún pọ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1875, àwọn alẹ́nulọ́rọ̀ péjọ sí Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, nítorí pé ìwé kò lè ti ìlú kan dé ìlú kejì kí ó sì yé ni bí àwọn òǹkọ̀wé kò bá ní àdéhùn. Irú àdéhùn yẹn ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Àmì 128 péré ni ó wà nínú ASCII. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀, kò sì sí lẹ́tà tí ó ru àmì ohùn. Bí a bá fi tipátipá gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ tí ó fẹ́ aya, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, gbogbo wọn yóò di "oko". Ìlànà Unicode, àti ọ̀nà ìkọsílẹ̀ rẹ̀ tí a ń pè ní UTF-8, èyí tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, ni ó mú ìṣòro yìí kúrò. Síbẹ̀, àdéhùn kò tán. Nínú UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ni ó dúró fún "ẹ". Bí ẹ̀rọ tí ó gbà á kò bá mọ̀ pé UTF-8 ni, tí ó sì ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà, "ẹṣin" lè di "áº¹á¹£in". Kò sí nọ́ńbà kan tí ó sọnù lójú ọ̀nà; ohun tí ó sọnù ni àdéhùn.

Èkejì ni àṣírí. Nínú FTP àtètèkọ́ṣe, gbangba ni orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí ń gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dẹ etí sí ojú ọ̀nà yóò gbọ́ wọn. Ní ọdún 1995, wọ́n fi irú ọgbọ́n yìí jí ọ̀rọ̀ àṣírí kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland. Èyí ni ó mú kí Tatu Ylönen, tí ó jẹ́ oníwàádìí níbẹ̀, ṣe ètò SSH ní ọdún náà gan-an. Yorùbá mọ ẹnà, èdè tí àwọn tí ó gbọ́ ọ ń sọ láàrin èrò tí ẹlòmíràn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. SSH ń fi ẹnà bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀, ẹni tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè tú u. Orí rẹ̀ ni a gbé SFTP lé. Orúkọ rẹ̀ jọ FTP, ṣùgbọ́n àdéhùn ọ̀tọ̀ ni, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo, 22, ni ọ̀rọ̀ àti ẹrù sì ń gbà.

A lè lo kọ́kọ́rọ́ dípò ọ̀rọ̀ àṣírí. Àlejò yóò ṣe nǹkan méjì tí ó bá ara wọn mu: èkíní dà bí àgádágodo, tí ó lè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùgbàlejò, èkejì ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí i, èyí tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Olùgbàlejò náà yóò fi ìtẹ̀ka tirẹ̀ han àlejò ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fọwọ́ sí i láìwò ó. Ẹ rántí pé ojú ìránṣẹ́ ènìyàn ni í sọ fún un bí ó bá ṣi ilé; ìtẹ̀ka yìí nìkan ni ojú tí ẹ̀rọ ní.

Ẹ̀kẹta ni pípé. Nígbà àtijọ́, àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Bí méjì bá já bọ́ nínú mẹ́jọ lójú ọ̀nà, kì í ṣe pé iṣẹ́ dín kù. Iṣẹ́ mìíràn ni ó dé. Bákan náà ni ti fáìlì. Iná lè lọ, ìsopọ̀ lè já, fáìlì yóò sì dé ààbọ̀. FTP ní àṣẹ REST, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé dúró. Ṣùgbọ́n láti mọ̀ dájú pé ohun tí ó dé ni ohun tí a rán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà níhà méjèèjì. Ọ̀kan nínú ìlànà ìṣírò bẹ́ẹ̀ ni SHA-256, tí àmì rẹ̀ máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ẹyọ àmì kan péré bá yí nínú fáìlì, àmì ìdánimọ̀ náà yóò yí padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tí fóònù lè fi fáìlì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìbéèrè tí ó dára ni. Àdéhùn wà nínú WhatsApp náà. Ẹlòmíràn ni ó bá wa ṣe é. Bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán, ó sábà máa ń dín dídára rẹ̀ kù kí ó lè tètè lọ. Èyí kò ba àwòrán ìgbéyàwó jẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ba àwòrán ojú-ewé ìwé àtijọ́ tí oníwàádìí fẹ́ ka àmì ohùn inú rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá fẹ́ máa kó èsì ìdánwò tàbí ohùn ìtàn àwọn àgbà láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, SFTP ni kí ó lò. Àwọn tí ń ṣe Chrome àti Firefox pàápàá yọ FTP kúrò nínú ẹ̀rọ ìṣàwárí wọn ní ọdún 2021. Kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí a má pín ọ̀kan lò. Kí àlejò kọ̀ọ̀kan rí yàrá tí ó kàn án nìkan, kí ẹni tí ó wá kàwé má sì ní àṣẹ láti pa á rẹ́. Kí a fẹnu kò lórí UTF-8. Kí a tó rán ẹrù ńlá, kí a kọ́kọ́ rán fáìlì kékeré kan tí ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn nínú, kí a wo bí yóò ti dé. Kí a fi àmì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn, kí a má sì pa ojúlówó rẹ́ títí ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún yóò fi fèsì pé àmì náà bá ara mu.

Ẹ̀rọ kì í fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́. Àwa tí ń rán an ni kí á fi tọmọ rán an, kí èdè tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ má baà di "oko" lójú ọ̀nà.