Ẹ Jẹ́ Ká Pe Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Wá sí Légbassito
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, níwájú àwọn olóyè



Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Légbassito ń gbòòrò. Ibi tó jẹ́ oko lánàá, bulọ́ọ̀kù ti kún ibẹ̀ lónìí. Ṣé àwa onílé ò ti máa gbà fún àgbàrá báyìí?

Ẹ wò ó bí a ṣe ń kọ́lé. Awọnlẹ̀ á wá gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, á gbowó, á lọ. Ayàwòrán ilé, bí a bá tilẹ̀ pè é, ilé kan péré ló máa yà. Bíríkìlà á fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ bó ṣe rí i. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì pé: omi òjò ibí yìí, ibo ló ń gbà? Tó bá dọdún kejì, òjò á dáhùn fúnra rẹ̀. Kálukú mọṣẹ́ tirẹ̀ o, wọn ò kàn pàdé ara wọn ni. Láti ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ò jìnnà sí wa. Ní 1975, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé pawọ́ pọ̀ dá EAMAU sílẹ̀ ní Lomé níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àwòrán ilé, ètò ìlú àti ìṣàkóso ìlú pọ̀. Yunifásítì Lomé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ń kọ́ àwọn ẹnjiníà. Ó tún ní CERViDA-DOUNEDON, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí àwọn ìlú ńlá Áfíríkà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, abẹ́ ẹ̀ka ńlá kan ṣoṣo ni àwòrán ilé, ilé kíkọ́, ìṣirò owó ilé àti ètò ìlú wà.

Ṣùgbọ́n gbígbé inú ilé kan náà yàtọ̀ sí jíjọ ṣiṣẹ́. Àfi kí wọ́n jọ dúró lórí ilẹ̀ kan, kí wọ́n jọ yanjú ìṣòro kan. Kí ilẹ̀ náà jẹ́ Légbassito. Kí ọmọ ètò ìlú tọpa omi látòkè dé ìsàlẹ̀. Kí ọmọ ẹnjiníà gbẹ́ ilẹ̀ pupa wa wò, kó mọ ẹrù tó lè gbé. Kí ọmọ àwòrán ilé ya ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga ju omi lọ. Kí bíríkìlà wa sọ iye tó máa ná wa. Bíríkìlà yẹn kì í ṣe ẹni tí wọ́n á máa rán níṣẹ́. Olùkọ́ lòun náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, kí ló kan ẹgbẹ́? Láti ìdìbò 2019 ni Agoè-Nyivé 2 ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn. Ìgbìmọ̀ ò lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá a sọ. Àwa Ànàgó, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti baba wa, ṣùgbọ́n òjò ò mọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin olóyè, ojú àgbàrá àti ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á. Kò sí àwòrán tó lè gba ilẹ̀ tí a ti tà padà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa kọ̀wé sí olórí ìgbìmọ̀ náà, kó pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì tó wà ní Lomé wá pọ̀. Ẹ̀kẹta, ká tó ṣílẹ̀kùn, ká ṣe àdéhùn: ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n mú un padà wá síwájú àwọn olóyè, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Ewe àti Yorùbá, kó má jẹ́ Faransé nìkan, kí ẹ̀dà àwòrán sì kù sọ́wọ́ wa. A ti rí àwọn tó wá wọnlẹ̀, tó gbọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, tí wọ́n fi gboyè. A ò tún gbúròó wọn mọ́.

Òjò ò ní dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká buwọ́ lùwé náà ká tó dìde.