Àkísà Lè Gba Ariwo Kúrò Nínú Kíláàsì



Ní gbàgede ọdún, ìró ìlù ń lọ, kì í padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, tí wọ́n fi páànù bò. Bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀, ògiri á dá ohùn rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ kejì á dé bá ti àkọ́kọ́, méjèèjì á sì dàrú mọ́ra. Èdè Faransé, tí kì í ṣe èdè ilé, ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́ dáadáa, kò lè fi òye parí rẹ̀. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) dámọ̀ràn pé kí gbohùngbohùn inú kíláàsì má ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.6 lọ.

Àkísà wúlò níbẹ̀. Ihò tíntìntín pọ̀ láàárín fọ́nrán aṣọ. Bí ìró bá wọ inú wọn, á máa fara gbún òwú títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ní ilẹ̀ Faransé, Le Relais ń kó aṣọ àlòkù jọ, wọ́n ń fi ṣe Métisse, tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ́ sínú ògiri àti àjà.

Ní Tchaourou, aṣọ àlòkù wà lọ́jà, àjákù aṣọ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn gbẹ, ẹ já bọ́tìnnì kúrò. Ẹ tò wọ́n léra títí wọn á fi nípọn tó ìka mẹ́rin, ẹ rán wọn pọ̀, kí ẹ kàn wọ́n mọ́ férémù igi. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sí olùkọ́, kí àyè díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ àkísà kì í dí ariwo ìta. Ìró ẹ̀rọ ìlọta àti ti ọkọ̀ àjàgbé ojú ọ̀nà Parakou á ṣì gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀yin aláṣẹ ló lè sọ pé kí ẹ̀rọ jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Aṣọ sì ń jóná: ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná tàbí wáyà.

Kíláàsì kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé àkísà kọ́, kó tún pa á lẹ́yìn rẹ̀. Etí gbogbo yín ni yóò ṣe ìdájọ́.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.