Ilẹ̀ Olókùúta Ara Òkè Wa



Orí òkè Ìdànrè ni àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún 20. Kòkó ni a gbìn sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Koríko àti igbó ni a fi sílẹ̀ fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ilẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Akọ òkúta tí ó rún díẹ̀díẹ̀ ni ó di ilẹ̀ ara òkè. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ibòmíràn, ọkọ́ kò ní wọlẹ̀ tán tí yóò fi kan àpáta. Omi kì í pẹ́ níbẹ̀. Òkúta tí ó bo ojú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá: ó ń gba ẹ̀kán òjò sára kí erùpẹ̀ má baà tú, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́. Gbòǹgbò koríko ni okùn tí ó so erùpẹ̀ ró.

Bí a bá dáná sungbó nítorí ọ̀yà, tí ẹran sì jẹ koríko kan ilẹ̀, okùn náà já. Àgbàrá ọjọ́ kan lè gbá ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó jọ lọ sínú odò. Òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ọdún 2021 ka dída ẹran jẹko kiri léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa pa iná tí àwa fúnra wa dá?

Ẹ jẹ́ kí a so ewúrẹ́ wa mọ́lé, kí a to òkúta dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a sì dẹ́kun iná ọ̀gbẹlẹ̀. Òkè dáàbò bo àwọn baba wa. Ó kan àwa náà.